Ikùn Tíṣà Ìbíyẹmí

Ní Ìbà, bí èèyàn bá ní òun ń wá Tíṣà Ìbíyẹmí, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé èyí tó máa ń sáré yẹn?" Òun náà ni. Ọmọ Èkìtì ni, eré ìdárayá ló sì fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama títí tó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sáré fún ìpínlẹ̀ wọn. Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí olè bá wọlé àwọn, ìyàwó òun ni yóò lé e bá.

Ìfẹ̀yìntì kò dá a dúró. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, ó ti wọ kánfáàsì rẹ̀, ó ti já sí títì, á rìn kíákíá dé ìtòsí yunifásítì, á sáré níwọ̀nba, á sì tún rìn padà. Folúkẹ́, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ránṣọ, máa ń bá a lọ. Àwọn obìnrin ìjọ wọn kan náà dara pọ̀, nítorí Tíṣà ti sọ fún wọn nípàdé pé ẹni tó bá ń rìn kì í yọkùn.

Ikùn ara rẹ̀ ló wá sọ ọ́ di onírọ́.

Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti lọ tipẹ́, kò sì tún rò ó mọ́. Ṣùgbọ́n síkẹ́ẹ̀tì tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò pa dé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni apá bùláòsì rẹ̀ ń mì lẹgẹlẹgẹ bí aṣọ àyálò. Ó gun òṣùwọ̀n nílé oníkẹ́míìsì, kò wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Bákan náà ni.

"Ẹ má bínú o, Tíṣà," Folúkẹ́ sọ lọ́jọ́ tó ń wọ̀n ọ́n fún aṣọ Àjíǹde. "Èmi ni mò ń wọ̀n yín látijọ́. Ikùn yín ń fẹ̀, itan yín sì ń joro."

"Téèpù rẹ ló ti gbó," Tíṣà dáhùn.

Àwọn obìnrin ìjọ kò dákẹ́ ní tiwọn. Ìyá Gbádébọ̀, tó ń jókòó ti ìsọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, na ọwọ́ sí i níwájú gbogbo wọn: "Tíṣà, ẹ̀yin ń sáré, èmi ń jókòó, ikùn wa dọ́gba. Kí wá la ń dara wa láàmú sí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yọ́ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi ku òun àti Folúkẹ́.

Ó bá fi kún un. Ó ń sáré láàárọ̀, ó ń rìn nírọ̀lẹ́. Ó yọ ẹ̀bà, ó yọ iyán, ó ku tíì aláìnímílíìkì àti kùkúńbà. Nígbà tí Bọ́sẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Ìjanikin, wá kí i, ariwo ló pa: "Mọ́mì, kí ló mú ọrùn yín gbẹ báyìí?" Ó fà á lọ sí ọsibítù kan ní Ọ̀jọ́.

Dókítà tó rí wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin oníwà pẹ̀lẹ́.

"Mà, bí nǹkan oṣù bá ti lọ, ọ̀rá tó wà ní ìdí àti itan máa ń ṣí lọ sí ikùn. Ẹran ara náà á sì máa dín kù. Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n kò fi yí padà."

"Èmi tí mò ń sáré láti kékeré?"

"Ì bá pọ̀ jù báyìí lọ ká ní ẹ kì í sáré, mà. Eré yẹn ń ṣọ́ ọkàn yín. Ṣùgbọ́n kò lè dá ọjọ́ orí dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹun. Ẹ jẹ ẹyin, ẹ jẹ ẹja. Ebi yìí, ẹran ara yín ló ń jẹ."

Tíṣà dúpẹ́, ó dìde. Nínú bọ́ọ̀sì, ó kọjú sí fèrèsé. "Ara yìí ni mo sìn láyé mi," ló wí. "Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Kò jẹ ẹyin, kò jẹ ẹja. Òjò rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ kan, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Òkókómáìkò nígbà tí itan rẹ̀ kọ̀ láti gbé e. Kì í ṣe pé ó yọ̀. Ẹsẹ̀ kàn tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni, ó fi ìbàdí lulẹ̀, eegun ibẹ̀ sì ṣẹ́. Àwọn ọlọ́kadà ló gbé e.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n eegun náà kò jinná dáadáa. Ìjanikin ló wà báyìí, nílé Bọ́sẹ̀, lórí àga. Bí wọn kò bá dì í mú, kò lè dé ilé ìwẹ̀. Itan rẹ̀ ti di igi, ikùn rẹ̀ sì ga níwájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gbé fún un ló ń jẹ, kì í béèrè ohun tó jẹ́ mọ́.

Folúkẹ́ wá kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Ṣé o ṣì ń rìn?" Tíṣà bi í.

"Rárá, mà." Folúkẹ́ wo ilẹ̀. "Àwọn obìnrin ìjọ ní ẹ wo ibi tí eré gbé Tíṣà dé."

Tíṣà fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe eré ló ṣe é, pé ebi ni, pé dókítà ti wí bẹ́ẹ̀. Ó wo ara rẹ̀ láti àyà dé ẹsẹ̀. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Folúkẹ́ dìde, ó ní òun fẹ́ tètè wá ọkọ̀.