Gọ́tà PK8 àti Àdúrà Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn ọ̀dà gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn tí mo bá rántí iṣẹ́ títì tí mo ṣe ní Libreville. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, mo máa ń so táì mọ́rùn nínú ooru, mo sì gbà pé kò sí ohun tí n kò mọ̀ nípa títì. Iṣẹ́ wa ni láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá títì tí wọ́n fẹ́ ṣe gba PK8, àdúgbò kan ní Libreville, á lè pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn tó yá ìjọba lówó bá ti padà sílé. Ẹnu ẹ̀ la wà tí wọ́n fi gé iye owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ sí ìdajì, tí ọ̀dà àti irin tó ń ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n gógó. Ọ̀gá mi, ọmọ Gàbọ́ọ̀nù, ní owó ò ká iṣẹ́ náà mọ́. Nínú kí títì fẹ̀ àti kí gọ́tà wà ní PK8, ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ránṣọ níbẹ̀. Gbogbo òjò ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí kò bá sí gọ́tà, ṣọ́ọ̀bù náà á lọ, omi á sì jẹ títì ọ̀hún fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá mi ní ká lọ bi àwọn ará àdúgbò. A bi àwọn Yorùbá, a bi àwọn Nàgó tó ti Bẹ̀nẹ̀ wá. Ẹ̀rín ni gbogbo wọn ń rín: "A dúpẹ́ o, kò sí wàhálà." Ẹ̀gbọ́n mi, tẹsẹ̀tẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ní, "Ça va, patron, Dieu merci!" ìyẹn ni pé dáadáa ni, ọ̀gá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àlejò ni wá, a kì í ráhùn níwájú ọkọ̀ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni a ò fẹ́ fi ẹnu ara wa ba ibi tí a ti ń jẹun jẹ́. Inú ọ̀gá mi dùn pé gọ́tà ò pọn dandan. Ọkàn mi dàrú pátápátá; bí èmi bá sọ̀rọ̀, á ní ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń gbè lẹ́yìn.

Ló bá sọ sí mi lọ́kàn pé ohun tí wọn ò lè sọ fún ìjọba, wọ́n ń sọ ọ́ fún Ọlọ́run. Mo bẹ ọ̀gá mi kó bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá ní PK8 lọ́jọ́ Àìkú. Ó rò pé mo fẹ́ sọ òun di àtúnbí ni, ṣùgbọ́n ó wá. Nígbà tó kan àdúrà ẹ̀bẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún: "Bàbá, dákun, dá omi yìí dúró! Aṣọ oníbàárà ti jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́!" Àmín gba gbogbo ilé. Ẹlòmíràn tún dìde, omi kan náà ló ń sọ.

Ọ̀gá mi tọ́ mi léjìká pé kí ni wọ́n ń wí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ṣé Ọlọ́run ni wọ́n ń bẹ̀ ni, àbí èmi?"

Gọ́tà ló borí. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n parí rẹ̀, mo sáré lọ sí PK8, mo bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ilẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Ara tù mí débi pé mo jókòó sílẹ̀, mò ń dá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé o rí i pé Ọlọ́run ń gbọ́?" N kò bá a jiyàn.

Títì ibẹ̀ ṣì tóóró títí dòní. Tí ọkọ̀ bá há, àwọn awakọ̀ á máa ṣépè fún ẹni tí kò jẹ́ kó fẹ̀. Mo máa ń jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn jẹ́ẹ́, ọkàn mi á sì balẹ̀.