Kámẹ́rà tí Bàbá Mi Kàn sí Abẹ́ Òrùlé

Ọjọ́ Sunday kan ni àwọn olè wọ ọgbà àwọn òbí mi ní Ugbowo, nílẹ̀ Ẹ̀dó, nígbà tí àwọn méjèèjì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ni wọ́n tú lọ, wọ́n sì ti gẹ́ètì padà jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí àlejò bá ń lọ. Ìyẹn ló dun bàbá mi jù. "Wọ́n tún ti gẹ́ètì!" ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i.

Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nígbà náà, kò sì lè jókòó lásán. Ó lọ sí Siluko Road, ó ra kámẹ́rà kan tí kò tóbi ju ife tíì lọ, pẹ̀lú wáyà gígùn. Àwọn tó tà á fún un ní kí ó mú ẹni tí yóò bá a kàn án. Ó ní rárá. Ní Sátidé tí mo dé láti kí wọn, mo bá a lórí àkàbà lábẹ́ etí òrùlé, tí màmá mi di ẹsẹ̀ àkàbà mú.

"Dádì, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́," màmá mi ń wí. "Orúnkún tẹ́ ẹ̀ ń pariwo ẹ̀ láti àná lẹ gbé gun àkàbà yìí?"

"Orúnkún kọ́ ni mo fi ń lu ìṣó. Ìwọ ṣá di àkàbà mú."

Kò mọ̀ pé àwọn agbọ́n ti kọ́lé sí ẹ̀yìn pákó ibẹ̀. Bó ṣe lu ìṣó kìíní báyìí, wọ́n tú jáde. Bí bàbá mi ṣe dé ilẹ̀, n kò lè sọ. Nígbà tí màmá mi rí i pé agbọ́n ò ta á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló finá sí ewé gbígbẹ, ó fi èéfín lé agbọ́n lọ, bàbá mi sì padà gòkè.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwòrán ti yọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó rán mi síta kó lè wò mí. Láti ojú fèrèsé pálọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Mo rí ọ! Kí ló dé tó o fi rù báyìí? Ṣé wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun ní báńkì yín ni?"

Àmọ́ kámẹ́rà náà ń wo iwájú ilé kejì pẹ̀lú. Opó kan, ọmọ Ẹ̀dó, ló ń dá gbé ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró sẹ́nu gẹ́ètì wa, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Papa, na my door you dey watch so?"

Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ kó wọlé. Ó jókòó, ó wo ilé ara rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ́. Ó ní òun ò mọ̀ pé ọ̀dà ara ògiri òun ti bó tó báyẹn. Síbẹ̀, ó sọ ọ́ gbangba pé níbi tí òun ti ń ró ìró mọ́yà gbatẹ́gùn, òun ò fẹ́ kí ojú kankan wo òun. Bàbá mi ní òótọ́ ló sọ. Ó gun àkàbà, ó yí kámẹ́rà sí gẹ́ètì wa nìkan.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọmọ opó náà bímọ ní Àbújá, ìyá náà sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Ó wá bá bàbá mi. "Papa, abeg, turn that your camera come my side."

Bàbá mi kò jẹ́ kó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá fóònù sílé, kí n tó béèrè àlàáfíà ni yóò ti máa sọ̀rọ̀ ilé kejì. "Ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí. Ó dúró díẹ̀, ó lọ. Ó jọ ọmọlúàbí." Tí kò bá sí iná, á tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ilé onílé, màmá mi á sì máa ráhùn epo.

Ìyá náà dé pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti fọ́tò ọmọ tuntun. Bàbá mi ro ohun gbogbo fún un, títí kan ewúrẹ́ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dìde lọ yí kámẹ́rà padà, obìnrin náà dì í lọ́wọ́ mú.

"Leave am so," ó ní. Tí òun bá ṣubú níwájú ilé lọ́jọ́ kan, ó yẹ kí ẹnì kan rí òun.

Kámẹ́rà náà kò mú olè kankan rí. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀, kí ìyá yẹn tó jókòó síwájú ilé, á kọ́kọ́ gbójú sókè sí òrùlé wa, á kí i bí àwọn Ẹ̀dó ṣe ń kíni: "Kóyo!" Ní pálọ̀, bàbá mi á dá tẹlifíṣọ̀n lóhùn: "Kóyo o, Màmá."

"Kò lè gbọ́ yín o, Dádì," ni màmá mi máa ń wí.

"Mo mọ̀," bàbá mi á ní, á sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n.