Ojú Màmá Akọ̀wé àti Kọ̀ǹpútà Pẹlẹbẹ

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tuntun tó wà lọ́fíìsì ìjọ ti fa ojú Màmá Akọ̀wé mu bí ẹni ń fa ọsàn. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ n'Ílaró kò tíì panu dé tí ọ̀rọ̀ fi dé Ìlóbì. Nígbà tó máa fi gun ọ̀kadà dé Ẹ̀gùá, ojú pásítọ̀ méjì ti bá a lọ, wọ́n sì ní torí pé Kútọnu ni wọ́n ti rà á, èdè Faransé ló fi ń pe ojú jáde.

Oyèrónkẹ́ Ògúnníyì ni Màmá Akọ̀wé ń jẹ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọdún mọ́kàndínlógún ló sì ti ń tẹ ìwé ètò ìsìn fún ìjọ láìsí àṣìṣe kan. Lẹ́tà ìfẹ́ tí ọkọ rẹ̀ kọ sí i nígbà èwe, bírò pupa ló fi dá a padà: máàkì márùn-ún nínú mẹ́wàá.

Caleb, ọmọ ìjọ tó ń kọ́ni ní Pólì, ló fi kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ náà ta ìjọ lọ́rẹ. Ó gbé ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tó yọ gègẹ̀ lẹ́yìn kúrò. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí lẹ́tà orí tuntun fi di bàìbàì, bí yíǹkì tí omi ta sí. Màmá ń sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi ń nu dígí. Ọjọ́ ìgbéyàwó Wisdom, ọmọ ìjọ kan, ni àṣírí tú: orin 536 ló yẹ kó tẹ̀, 586 ló tẹ̀, orin ìsìnkú sì ni. Àwọn akọrin tí kì í béèrè ìdí kọ ọ́ dé ẹsẹ tó kẹ́yìn. Ìyá ìyàwó sunkún, kì í sì í ṣe ti ayọ̀.

Nígbà tí wọ́n bi Màmá, ó ní láti ọjọ́ tí Caleb ti gbé nǹkan yẹn dé lòun ò ti ríran mọ́. Gbólóhùn kan yìí ló bí gbogbo àhesọ náà. Ìjọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ojú rẹ̀. Àwọn ìyá kó ọmọ wọn kúrò níbi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Caleb ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé.

Caleb fúnra rẹ̀ wá yẹ kọ̀ǹpútà wò. Ó rí i pé wọ́n ti yí iye àmì tíntìntín tó ń gbé lẹ́tà jáde lójú rẹ̀ sí ẹgbẹ̀rin níbùú, ẹgbẹ̀ta lóòró. Ó ṣàlàyé pé ojú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kò dà bíi ti àtijọ́: iye àmì tíntìntín tí wọ́n kàn mọ́ ọn níbi tí wọ́n ti ṣe é ló gbọ́dọ̀ lò. Bí èèyàn bá ní kó lo èyí tó dín, ńṣe ni á máa fa lẹ́tà bí ẹni fa rọ́bà, etí lẹ́tà á sì di rúdurùdu.

"Màmá, ta ló fọwọ́ kan ibí?"

"Bóyá eku ni." Ilẹ̀ ni Màmá ń wò.

"Eku yìí gbọ́n o, Màmá. Ó yẹ ká gbà á síṣẹ́ ní Pólì."

Ó dá nọ́ńbà padà sí bó ṣe yẹ, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń mú lẹ́tà nìkan tóbi, ó gbé e sókè díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ hàn kedere bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Màmá fúnra rẹ̀ ló yí i. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ojú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí gíláàsì lójú òun kí wọ́n má baà sọ pé akọ̀wé ti darúgbó. Bó ṣe ń sọ lẹ́tà di ńlá lórí onígègẹ̀ nìyẹn, ló bá ṣe bẹ́ẹ̀ níkọ̀kọ̀ lórí tuntun. Caleb kò tún béèrè. Èyí dun Màmá ju ẹgba lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, pásítọ̀ kéde pé ààwẹ̀ ti la ojú Màmá Akọ̀wé, ó ní kó wá jẹ́rìí. Alelúyà fẹ́rẹ̀ẹ́ ká páànù òrùlé. Caleb dá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, kò sẹ́ni tó fara kàn án. Kí Màmá ṣáà ti dúpẹ́, gbogbo rẹ̀ á bò mọ́lẹ̀. Ó dìde, ó lọ síbi gbohùngbohùn.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Ojú mi ò là. Ọjọ́ orí ló ń bá a jà, ó ti tó ọdún mẹ́ta. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà jẹ́, torí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Mo sì purọ́ fún Caleb lójúkojú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ febi panú nítorí mi, ẹ foríjì mí. Ọmọ yìí ò ṣe nǹkan kan. Ẹ dá àwọn ọmọ padà sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Sátidé."