Iye tí Wọ́n Fa Ìlà Pupa Lé

Ẹni tó bá mọ̀ mí lọ́jà Ìyànà Ọ̀fà láyé ìgbà náà mọ̀ pé n kì í ra nǹkan ní iye tí wọ́n bá pè é. Bí ẹ bá pe ata ní náírà mẹ́wàá, màá ní náírà mẹ́ta, màá sì gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń lọ. Irú èmi yìí ni ọmọkùnrin kan fi bébà lásán mú ní Olódò.

Ọjọ́ Ajé la hú ẹ̀gẹ́ oko wa, gbogbo rẹ̀ pátá, nítorí onílẹ̀ ti fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ẹ̀gẹ́ jóná. Ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í dúró de èèyàn, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Bàbá àwọn ọmọ mi ti kú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni gbogbo ohun tí mo ní láyé. Ẹ́ńjìnnì ni màá fi púpọ̀ rẹ̀ rà, ìyókù ni owó díísù tí ẹ́ńjìnnì ń mu àti owó ìdánwò àṣejáde ọmọ mi obìnrin. Ọjọ́ Ẹtì ni ilé ìwé máa gba owó ìdánwò náà mọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba ọjà Olódò lọ. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ yà sí níbẹ̀, wọ́n lẹ bébà mọ́ ẹ́ńjìnnì kan. Wọ́n kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, wọ́n fi báírò pupa fa ìlà lé e, wọ́n wá kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀dínwó òní nìkan ni o," ni ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù wí. "Tó bá di ọ̀la, ó ti padà sí mẹ́fà."

Ẹ gbà mí o! N ò ná an. Ọ̀rọ̀ ẹnu là ń ná lọ́dọ̀ tiwa. Ohun tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀, bí ìwé owó orí ló rí lójú wa, a kì í bá a jiyàn. Mo ní ẹgbẹ̀rún méjì ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ṣe alámùdù lílàhi, mo sì kó gbogbo owó mi fún un. Mo ní màá gba díísù láwìn, tí gàrí bá sì ti dọ́jà, owó ìdánwò á jáde.

Wọ́n ní òfin ti wà báyìí pé iye tí ọlọ́jà bá fa ìlà lé gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tó ti tà á rí. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà náà.

Ẹ́ńjìnnì délé, kò sówó díísù. Díísù wọ́n bí ojú lọ́dún náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ tà á láwìn. Èmi àtọmọ mi bá fi ìṣó lu páànù níhò, a ń fọwọ́ rin ẹ̀gẹ́ títí ìka ọmọ náà fi bó. Òkìtì ẹ̀gẹ́ náà ò dín. Mo ń rin ín, mo ń sunkún.

Ní Ọjọ́bọ̀, awakọ̀ àdúgbò wa gbé èmi àti ẹ́ńjìnnì náà padà sí Olódò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣàánú mi, gbà á padà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, a kì í dá owó padà o. Àmọ́ mo lè rà á lọ́wọ́ yín. Titun rẹ̀ gan-an ò ju ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ lọ ní gbogbo Olódò yìí. Ẹ gba ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀."

Orí mi gbóná. Mo ní mẹ́fà tó fa ìlà lé ńkọ́?

"Ìyá, ṣé mo fipá mú yín ni?"

Mo bú u tìyá-tìbaba. Mo ní kàkà kí n tà á fún un, màá kúkú gbẹ́lẹ̀ sin ín. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Owó ìdánwò wà nínú ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ yẹn, n ò sì rántí rẹ̀ àfi ìgbà tí mo délé, tí mo rí ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ọwọ́ mi.

"Ìyá mi, ṣé ó gbà?"

Mo ní kò gbà.

Ìtìjú ò jẹ́ kí n padà sí Olódò. Lọ́jọ́ Ẹtì tó yẹ ká san owó ìdánwò, a ń ru ẹ̀gẹ́ dúdú lọ dà sígbó. Ọmọ náà ń rọ̀ mí pé kí n yé sunkún, pé kì í ṣe ẹ̀bi mi.