Abẹ́rẹ́ Ìyá Alágbo

Bí irọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kí eyín mẹ́rin tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu já bọ́ sínú ọbẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Mowé ló ti ṣẹlẹ̀, àwọn tó sì ṣojú wọn ò tíì kú.

Àjíbíkẹ́ ń ta àgbo lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n àti eegun ríro. Ó ní ti jẹ̀dí, ó ní ti ibà, ṣùgbọ́n ti táífọ́ọ̀dù ló sọ ọ́ di ẹni ńlá: ọ̀pẹ òyìnbó tí kò pọ́n, ọsàn wẹ́wẹ́ àti omidùn tó ti kan. Bí o bá gbé e mì, wàá kọ́kọ́ gbàgbé orúkọ bàbá rẹ ná, kí ó tó padà wá sí ọ lórí.

Ẹnu obìnrin náà sì mú ju àgbo rẹ̀ lọ. Bí oníbàárà bá ní òun ti kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, á dá a lóhùn pé, "Ẹ kú ìdí ríro o! Ká ní ẹ tètè wá bá mi ni, ẹ̀ bá lè jókòó dáadáa lónìí." Gbogbo èrò á bú sẹ́rìn-ín. Sàhéèdì, awakọ̀ tó máa ń fi ife kan ṣínu láràárọ̀, ló máa ń rẹ́rìn-ín jù. "Dókítà mi" ló ń pè é.

Àfi lọ́jọ́ tí Ọmọlabí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, pè é láti Íńdíà níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Oyún inú rẹ̀ ti ń sún mọ́ ìkúnlẹ̀.

"Mọ́mì, físà yín ti jáde! Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù. Ó ní láti lo ọ̀sẹ̀ méjì lára yín kí ẹ tó wọ bàálù."

"Abẹ́rẹ́ kí ni?"

"Táífọ́ọ̀dù, mà."

"Ọmọlabí, kí ni mò ń tà?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Omi ibí yìí ò mọ̀ yín. Dókítà mi ní ẹni tó máa wẹ ọmọ, tó máa se oúnjẹ fún mi, gbọ́dọ̀ gbà á. Bí ẹ ò bá gbà á, orí fóònù lẹ ti máa rí ọmọ-ọmọ yín."

Ìyá alágbo jókòó lórí àpótí rẹ̀. Ó ti ń kó òrí àti ọṣẹ dúdú sínú báàgì láti bí oṣù mélòó kan. Ọwọ́ ti ń yún un láti na apá àti ẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n bí ará Mowé bá rí i níwájú abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù, ta ni yóò tún gba ife lọ́wọ́ rẹ̀?

Ní Mowé kọ́ ni yóò ti gbà á. Ìbàfò ńkọ́? Ìdajì Ìbàfò ló mọ ohùn rẹ̀. Ló bá kúkú mú ọ̀nà Ifọ̀ pọ̀n. Ó sọ fún aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ pé egbò igi lòun ń lọ rà. Ó bo imú, ó fa gèlè dé ìpéǹpéjú, ó wọ mọ́tò tó gba Ọ̀fàdà. Ewúrẹ́ kan jókòó tì í, ó ń wò ó láìṣẹ́jú bí ẹlẹ́rìí tí wọ́n pè sí kóòtù.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní kí ó ká apá aṣọ sókè.

"Ìyá, ẹ mí sínú."

Abẹ́rẹ́ wọlé. Kàkà kí Àjíbíkẹ́ ké pe Jésù, igbe tó ti mọ́ ọn lẹ́nu ló jáde: "Àgbo rèé o! Àgbo jẹ̀dí, àgbo ibà!"

Ẹnì kan fò dìde lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

"Dókítà mi?"

Sàhéèdì ni, ó fi òwú tẹ apá mọ́lẹ̀.

"Sàhéèdì! Kí lo wá ṣe níbí?"

"Ìyá, ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì ni mo ríṣẹ́ sí ní Dùbáì. Wọ́n ní láìgba abẹ́rẹ́ yìí, mi ò ní fọwọ́ kan ìkòkò. Mo ní kí n sá wá síbí kí ẹ má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Egbò igi ni mo wá rà."

"Nínú apá?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àwọn méjèèjì bá ara wọn ṣàdéhùn pé ohun tójú rí ní Ifọ̀, Ifọ̀ ni kí ó kú sí.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Tòún, ọmọbìnrin àdúgbò kan tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ kàwé lókè òkun, gbé ìgò ńlá wá sí ìsọ̀.

"Ẹ bá mi rọ ti táífọ́ọ̀dù kún un, mà. Wọ́n ní kí n gba abẹ́rẹ́, mo ní fún kí ni? Ẹ̀yin ṣáà lẹ ní àgbo yín ju abẹ́rẹ́ lọ."

Sàhéèdì, tí ife wà lọ́wọ́ rẹ̀, wo Ìyá. Ìyá wo ìgò. Ó ti ń rọ ọ́ gan-an, kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró. Bí ó bá jẹ́ Ọmọlabí ló dúró síbẹ̀ ńkọ́?

"Tòún, lọ gba abẹ́rẹ́."

"Haà! Ẹ̀yin lẹ sọ pé..."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Ẹnu mi dùn, òun ni mo sì fi ń tajà." Ó ká apá aṣọ sókè lójú gbogbo wọn. "Èmi gan-an ti gbà á, ní Ifọ̀ lọ́hùn-ún. Àgbo yìí á bá ọ gba àárẹ̀ lára, ṣùgbọ́n kì í ṣe asà. Bí ó bá sì jẹ́ táífọ́ọ̀dù gidi, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí o sáré lọ, má wá síbí."

Alàgbà Bádéjọ, télọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà, gbé ife sílẹ̀.

"Ṣé lásán ni mo ti ń mu gbogbo kíkorò yìí ni?"

"Alàgbà, ẹ̀yin tí ẹ ní géètì, ṣé ẹ ò tún sin ajá ni? Abẹ́rẹ́ ni géètì, àgbo ni ajá."

"Ajá mi ti kú."

Sàhéèdì ká apá ẹ̀wù tirẹ̀ náà sókè. "Èmi náà gbà á. Dókítà mi, ẹ bu ife kejì."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan rọra yẹra. Lọ́jọ́ náà, ìdajì ike àgbo ló gbé padà sílé, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Alàgbà Bádéjọ kò yà mọ́ títí ọ̀sẹ̀ fi yí po. Nígbà tó padà wá, ó ní tíì kò la òun lójú, àti pé kí wọ́n júwe ilé ìwòsàn Ifọ̀ yẹn fún òun.

Tòún gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Àjíbíkẹ́ náà wọ bàálù. Ọpẹ́olúwa ni wọ́n sọ ọmọ, àwòrán rẹ̀ sì dé orí fóònù Sàhéèdì kí ó tó lọ sí Dùbáì: ó ń dán fún òrí láàárín ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀, ó la ẹnu gbàgà, ó ń ké. Alàgbà Bádéjọ wò ó títí, ó ní, "Ẹnu ìyá alágbo ló gbé wá sáyé."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ibì kan péré ni ọkàn mi ò ti balẹ̀: kò sí ewúrẹ́ kankan nínú mọ́tò yẹn. Àgùntàn ni.