Àlàfo Tí Mo Fi Sílẹ̀

Mo ti sọ ọ́ nígbà náà, mo tún ń sọ ọ́: àlàfo yẹn kì í ṣe àṣìṣe.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, a gbé ẹ̀rọ amúnáwá kan tí afẹ́fẹ́ ń yí sórí òkè lẹ́yìn ìlú Kuru. Iṣẹ́ tèmi ni láti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń lọ́ ọ̀pá irin tó ń yí nínú rẹ̀ tó. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ti ní àwọn yóò tú u palẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ lẹ wáyà mọ́ ọ̀pá náà láti fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá yí, wáyà wé mọ́ ọn, ó já. Ó lẹ òmíràn, ó tún já. Mo ní kí a má fara kan ọ̀pá rárá. Ẹni tó bá ti fún aṣọ rí mọ̀ pé bí a bá ṣe lọ́ ọ tó ni orí rẹ̀ á fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ tó. Mo de jíà eléyín mọ́ orí ọ̀pá, mo de òmíràn mọ́ ìdí rẹ̀, mo gbé kọ́ìlì olóòfà dúró níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi àlàfo tó nípọn tó èékánná sílẹ̀ láàárín wọn. Bí eyín bá ń kọjá, kọ́ìlì á mọ̀. Mítà tí mo so mọ́ wọn á sọ bí orí ṣe fi ìdí sílẹ̀ tó.

Mo lọ sílé wa ní Nasarawa Gwong lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí n tó padà, eyín jíà ti jẹ kọ́ìlì kan. Ọ̀gá ló tì í mọ́ jíà. Kò bi mí, kò dúró dè mí. Ó ní mo gbàgbé láti fi kàn án ni.

"Haba, màlámù, ohun tí kò kan nǹkan, kí ló fẹ́ wọ̀n?"

"Ojú yín ò kan ara mi, sà, ẹ sì ń rí mi."

Ó ní ẹnu mi ti mú jù, kí n kọ ọ́ pé iṣẹ́ mi ló bàjẹ́. N ò kọ ọ́. Kò bàjẹ́, wọ́n bà á jẹ́ ni.

Riwáyà kan tó ń tún wáyà ẹ̀rọ iná wé ní Dilimi, ọmọ Ìlọrin bíi bàbá mi, bá mi tún kọ́ìlì náà wé. Ọyẹ́ ti ń rọlẹ̀. Mo tò ó padà pẹ̀lú àlàfo rẹ̀, mo jókòó tì í títí afẹ́fẹ́ gidi fi dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Abẹ́rẹ́ mítà gbéra. Bí afẹ́fẹ́ bá le, á gòkè, bó bá rọ̀, á sọ̀. Mo pe ọ̀gá. Ó wò ó pẹ́, ó wá nawọ́ sí kọ́ìlì.

Mo bọ́ sáàárín wọn. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, sà."

Wọn kò tú ẹ̀rọ náà mọ́. Bí àlejò bá dé, ọ̀gá ló ń ṣàlàyé àlàfo náà fún wọn, tó ń nàka sí i láti òkèèrè. Kò bẹ̀ mí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Èmi náà ò sì tíì dárí jì í.