Òjìji Lẹ́tà Bàbá Victoria

Ní gbogbo Ìlobù, ta ni kò mọ ọwọ́ Láyíwọlá ọkọ mi? Kùmásí ní Gánà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ iṣẹ́ pátákó kíkọ kí wọ́n tó lé wọn wálé lọ́dún 1969. Ẹ wá wo lẹ́tà tó ń kọ sára ṣọ́ọ̀bù àti sára lọ́rì! Wọ́n á yọ síta, òjìji á tẹ̀ lé wọn, bí ẹni pé oòrùn ń ràn sí wọn. Ó lè fi odindi àárọ̀ tún ẹsẹ̀ R kan ṣoṣo ṣe. Mo máa ń ní, "Bàbá Victoria, ṣé R yìí la máa jẹ lọ́sàn-án ni?" Á kàn rẹ́rìn-ín ni.

Lọ́dún 1984, a ṣàdédé rí pátákó kan ní ààlà oko Ìlobù àti Ìfọ́n. Ìlà méjì tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ló wà lára rẹ̀: ILẸ̀ ÌLOBÙ RÈÉ. ARÁ ÌFỌ́N, Ẹ PADÀ SẸ́YÌN.

Ọmọ Ìfọ́n sì ni èmi. Ẹ̀gbọ́n mi, Oyèdìran, gun kẹ̀kẹ́ wá, kò tilẹ̀ jókòó. "Ọláwùnmí, ta ló tún mọ lẹ́tà kọ báyìí? Bó bá jẹ́ ọkọ ẹ ni, palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́. O ò ní máa sùn lọ́dọ̀ ẹni tó ń lé wa kúrò lóko bàbá wa."

Àtọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọkọ mi. Mo yẹ èékánná rẹ̀ wò. Mo ṣí agolo ọ̀dà pupa, ó ti lọ sílẹ̀. Mo ní, hẹ̀n-ẹ́n! Ó ní òun kọ́, mi ò gbà. Ẹni tí kò ṣe nǹkan, kí ló dé tó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì?

Nígbà tó sú u, ó gbé mi sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, pẹ̀lú àpótí ọ̀dà tí kì í kúrò lára rẹ̀, ó di ààlà. Ó wo pátákó náà, ó pòṣé.

"Ìyá Victoria, apá ibo ni ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi wà?"

"Apá ọ̀tún ni."

"Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé bá mi. Apá òsì nìkan ni òjìji lẹ́tà mi máa ń bọ́ sí. Wá wo èyí!"

Lóòótọ́, òjìji ìlà àkọ́kọ́ bọ́ sí òsì, ti ìkejì bọ́ sí ọ̀tún.

"Oòrùn mélòó ló ń ràn nílé ẹni tó kọ eléyìí? Ẹnì kan ló ń wo tèmi kọ, kò sì mọ ohun tó ń wò."

Ọdún kẹwàá tá a ti fẹ́ra nìyẹn, mi ò kíyè sí òjìji yẹn rí. Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dúró síbẹ̀, kí n lọ mú Oyèdìran wá, kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ó tó wákàtí kan kí a tó dé, èmi, Oyèdìran àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Yéè! Òjìji gbogbo lẹ́tà ti bọ́ sí òsì, ẹsẹ̀ R ti gún régé. Ọkọ mi wà lórí ìkúnlẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ọ̀dà ń kán sí i láṣọ.

"Mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí.

Mo ṣàlàyé títí, mo búra, àwọn ọ̀rẹ́ Oyèdìran ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọláwùnmí, lọ di ẹrù ẹ."

Mo dì í, mo padà sí Ìfọ́n. Inú ń bí mi sí Bàbá Victoria títí dòní. Àmọ́ bí mo bá ń lọ sóko tí mo dé ẹ̀gbẹ́ pátákó náà, mo máa ń sọ ẹrù kalẹ̀, mo máa ń wò ó.